Ohùn Òkè Bàbá Oníbúrẹ́dì

Àárín mísà ni ọmọkùnrin aládùúgbò wa dìde. Ohùn bàbá náà ti gòkè tán nígbà yẹn, ó ti kọjá ibi tí ohùn àwọn obìnrin dúró sí, ó ń lọ lókè ibẹ̀ ní òun nìkan, láì mì, bí àṣá tó na ìyẹ́ sínú afẹ́fẹ́. Gbogbo wa gbójú sókè bí ẹni pé a lè rí i lábẹ́ páànù ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn mi, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti fọwọ́ bo ẹnu, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà gbọ́ ẹ̀rín wọn. Ó gba àárín ìjókòó kọjá, bàtà rẹ̀ ń dún lórí sìmẹ́ńtì, ó jáde sínú oòrùn, kò bojú wẹ̀yìn. Bàbá rẹ̀ rí i. Ibi tó dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ kọjú sí ẹnu ọ̀nà gan-an. Ohùn rẹ̀ kò já. Ó kọ orin náà dé òpin, ó pa ìwé dé, ó jókòó, ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún.

Odi kan ló wà láàrin ilé wa àti ilé rẹ̀ ní Kétu, odi amọ̀ tí òjò ti jẹ orí rẹ̀ dé ibi tí àgbàlagbà lè fi ìgbọ̀nwọ́ lé sọ̀rọ̀. Mo jẹ́ ọmọbìnrin tí kò tíì lè gbé ìkòkò omi tó kún. Dàhòmì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira. Nílé ìwé, wọ́n ń kọ́ wa bí a ṣe ń dúró ṣinṣin níwájú àsíá tuntun, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ilé wa ṣì ń sọ pé "ìjọba òyìnbó" bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ìjọba. Bàbá Oníbúrẹ́dì la máa ń pe aládùúgbò wa náà. Òun nìkan ló ń ṣe búrẹ́dì ní agbègbè wa. Ní ìdájí, kí ìyá mi tó dáná, mo ti ń gbọ́ ọwọ́ rẹ̀ lórí ìyẹ̀fun, gbàà, gbàà, bí ẹni ń fọ aṣọ tó wúwo. Ẹmu ọ̀pẹ ló fi ń mú un wú, nítorí náà òórùn àgbàlá rẹ̀ máa ń kan díẹ̀, títí iná yóò fi ràn nínú ààrò amọ̀ ńlá tó mọ sẹ́yìn ilé. Nígbà náà ni òórùn búrẹ́dì yóò bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó máa ń kọrin bó ti ń pò ó. Orin Látìn ni. Mi ò mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, àmọ́ mo mọ ibi tí yóò ti gbá ìyẹ̀fun mọ́ pákó nínú orin kọ̀ọ̀kan.

Ohùn méjì ló ní. Èyí tó fi ń sọ̀rọ̀ rinlẹ̀, ó sì há díẹ̀ nítorí èéfín. Ọkùnrin fìrìgbọ̀n ni, apá rẹ̀ le láti inú ìyẹ̀fun pípò, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun. Bó bá kí ènìyàn láti ẹ̀yìn, onítọ̀hún á ti fẹ́ kúnlẹ̀ kó tó yíjú. Ṣùgbọ́n bó bá la ẹnu fún orin, ohùn mìíràn ni yóò jáde, tínrín, mímọ́, tí kò jọ ti obìnrin tán, tí kò sì jọ ti ọmọdé.

Lọ́jọ́ kan tí mo lọ ra búrẹ́dì tí èyí tó wà nínú ààrò kò tíì jinná, mo bi í léèrè ibi tó ti rí ohùn yẹn. Kò bínú. Ó ní ọmọdé ni òun nígbà tí àwọn òbí òun fi òun sọ́dọ̀ àwọn àlùfáà ní Àjàṣẹ́, olú ìlú Dàhòmì, ibẹ̀ ni òun ti kọ́ búrẹ́dì, ibẹ̀ náà ni òun ti kọ́ orin. Wọ́n fi òun sáàárín àwọn ọmọ tó ń kọ ohùn òkè. Nígbà tó yá, ohùn àwọn ọmọ náà ń ṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ti ọmọkùnrin gbogbo ṣe máa ń ṣẹ́, wọ́n sì ń kó wọn kúrò. Ti òun náà ṣẹ́. Ó ní inú ilé ìdáná ni òun sá sí, tí òun ń sunkún. Ìgbà tó ṣe, tí òun dá wà nídìí ààrò, òun dán an wò, òun sì rí i pé ohùn àtijọ́ náà kò kú, àyà ló fi sílẹ̀, ó ti gun orí lọ. Àgbà àlùfáà òyìnbó kan tó ń kọ́ wọn lórin gbọ́ ọ lójú fèrèsé. Ó sọ fún un pé ní ìlú àwọn, láti ayébáyé, àgbà ọkùnrin wà tí wọ́n ń fi ohùn òkè yìí kọrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńláńlá, pé iṣẹ́ ni, àwọn mìíràn a sì máa kọ́ ọ títí orí wọn yóò fi hewú. Àlùfáà náà bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ bí a ṣe ń tọ́jú èémí.

"Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ló le jù," ni Bàbá Oníbúrẹ́dì wí fún mi. "Kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Ó gbọ́dọ̀ ti wà nínú ilé kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ó wọlé."

Ó wá ṣe é fún mi. Mo ń wo ẹnu rẹ̀ tó là, mi ò gbọ́ nǹkan kan, mo tún ń wò ó, àfi bí mo ṣe rí i pé mo ti ń gbọ́ ọ tipẹ́.

Ìlú Kétu kì í ṣe ìlú tó yẹ kí irú èyí yà lẹ́nu. Nígbà Gẹ̀lẹ̀dẹ́, àgbà ọkùnrin onírùngbọ̀n a ró ìró, a de ọmú igi mọ́ àyà, a gbé orí obìnrin lé orí tirẹ̀, a jó fún àwọn ìyá wa, ìlú a sì yìn ín. Ṣùgbọ́n bí ijó bá parí, onítọ̀hún a bọ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, a padà di baba ọmọ. Ohùn aládùúgbò wa kò ṣeé bọ́. Mo rò pé ìyẹn ni wọn kò lè gbà. Wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń pè é ní Ìyá Oníbúrẹ́dì. Ìyàwó rẹ̀ kú kí n tó gbọ́njú, ibà ló pa á gẹ́gẹ́ bí ìyá mi ṣe sọ, àmọ́ àwọn kan wà tí wọ́n ń sọ lẹ́nu kanga pé obìnrin méjì kì í bá ara wọn gbé bí tọkọtaya. Òun alára máa ń gbọ́. Yóò ta búrẹ́dì fún wọn, yóò sì fi èènì sí i.

Ọmọ rẹ̀ ni kò lè gbọ́ kó sì mú un mọ́ra. Ọmọ kan ṣoṣo náà ni, ó ti ń hu irun ètè, ó ti gba sẹ̀tífíkà, wọ́n sì ń retí kó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Àjàṣẹ́. Ó mọ̀wé, ó ga, ó máa ń ràn mí lọ́wọ́ nínú ìṣirò láti orí odi. Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é. Mo máa ń rí i bó ṣe ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ síléèwé kó má bàa kọjá níwájú àwọn tó ń jókòó lábẹ́ igi ọsàn.

Ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi yẹn, lẹ́yìn tó ti jáde nínú mísà, èmi àti ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà lẹ́bàá odi. A kò yọjú, àmọ́ kò sí bí a kò ṣe ní gbọ́. Bàbá náà kò pariwo. Ó bi ọmọ rẹ̀ bóyá ara rẹ̀ kò yá ni. Ọmọ náà wá sọ ọ́.

"Ẹ bínú sí mi bí ẹ bá fẹ́, Bàbá. Mi ò lè gbé e mọ́. Ibi gbogbo tí mo bá dé, ọmọ Ìyá Oníbúrẹ́dì ni mí. Bí mo bá dé Àjàṣẹ́, wọ́n á gbọ́ ọ níbẹ̀ náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ ọ́ mọ́."

Adìẹ kan ń ya ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa.

"Ó dáa," ni bàbá náà wí. "Mo ti gbọ́."

Ìyá mi gbé àtẹ ẹ̀wà sílẹ̀. Ó ní, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, pé kò tilẹ̀ bá a jiyàn.

Láti ọjọ́ yẹn, ìyẹ̀fun nìkan ni à ń gbọ́ ní ìdájí. Kò kọ ọ́ nídìí ààrò, kò kọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn akọrin wá bẹ̀ ẹ́, ó sọ fún wọn pé ọ̀fun ń dun òun. Wọ́n fi obìnrin kan sí ipò rẹ̀, ohùn ìyẹn kì í dé òkè, ó máa ń fà á já ni. Bàbá Oníbúrẹ́dì yóò jókòó sáàárín àwọn ọkùnrin yòókù, ọmọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọn yóò sì lọ sílé pọ̀. Àlàáfíà wà láàárín wọn. Mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn. Mo rí wọn tí wọ́n jọ ń tún ẹnu ààrò mọ, tí ọmọ ń rẹ́rìn-ín sí ohun tí baba sọ. Ohun tí àlàáfíà yẹn ná baba, kò hàn lójú rẹ̀.

Òjò ọdún yẹn kò tíì dá nígbà tí ọmọ náà lọ gé igi ààrò lójú ọ̀nà Adakplamè. Kùkùté kan gún un lẹ́sẹ̀. Ó fa èyí tó kán sínú ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ, ó fi ewé dì í, ó ru igi rẹ̀ délé. Ojú ọgbẹ́ náà san. A ti gbàgbé rẹ̀ nígbà tó di òwúrọ̀ kan tí bàbá rẹ̀ gé búrẹ́dì gbígbóná fún un, tí kò lè la ẹnu gbà á. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó dà bíi pé òun fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ sùn lórí òkúta. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ọrùn rẹ̀ ti gan.

Ọkùnrin tó ń tọ́jú aláìsàn ní ilé ìwòsàn wa, tí gbogbo ìlú ń pè ní dókítà bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe dókítà, wá pẹ̀lú àpò rẹ̀. Ó tẹ ikùn ọmọ náà, ó le bíi pákó. Ó wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fa bàbá náà wá sẹ́bàá odi wa, ó sì sọ fún un pé tẹ́tánọ́ọ̀sì ni, àìsàn tí í dí ènìyàn léyín, tí í sì fa gbogbo iṣan ara. Bàbá náà bi í nípa ilé ìwòsàn ńlá. Ó ní ọ̀nà tó jìnnà yẹn nínú ọkọ̀ akẹ́rù, pẹ̀lú kòtò àti ariwo, yóò pa á kó tó débẹ̀, nítorí pé ariwo àti ìmọ́lẹ̀ ló ń ta àìsàn náà jí. Ó ní òun yóò máa wá gún un lábẹ́rẹ́, kí wọ́n fi aṣọ dí fèrèsé, kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹ́ kí ohunkóhun dún.

Ìyá mi lọ láti ojúlé dé ojúlé. Àwọn obìnrin gbé odó wọn lọ sí ìsàlẹ̀ àdúgbò. Wọ́n pa àkùkọ wa. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó máa ń rẹ́rìn-ín ní ṣọ́ọ̀ṣì wá láìjẹ́ pé a ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n kó ewúrẹ́ àdúgbò lọ sóko, wọ́n sì dúró lójú ọ̀nà láti máa ní kí àwọn tó ń kọjá sọ̀kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Ààrò di tútù. Èmi ni mo ń gbé omi lọ sí ẹnu yàrá, láìwọ bàtà. Ọmọdé kan ju abọ́ tánńganran sílẹ̀ ní àgbàlá wa lọ́jọ́ kan. Kí abọ́ náà tó dákẹ́, mo rí i láti ẹnu ọ̀nà tí ara ẹ̀gbọ́n náà tẹ̀ sẹ́yìn bí ọrun, tó jẹ́ pé orí àti gìgísẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kan ẹní. Bàbá rẹ̀ wà lórí ìkúnlẹ̀, ó na ọwọ́, kò mọ ibi tí yóò fi kàn án, nítorí pé ọwọ́ náà lè jẹ́ ìpalára. Àìsàn náà fa ètè rẹ̀ sẹ́yìn bí ti ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ lókè ẹ̀rín yẹn là sílẹ̀, ó mọ gbogbo ohun tó ń ṣe é.

Ó di ìrọ̀lẹ́ kan, ìmọ́lẹ̀ pupa díẹ̀ ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ fèrèsé. Dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ gún un tán. Mo mú omi wá, ìyá mi sì fà mí mọ́ra lẹ́nu ọ̀nà kí ẹsẹ̀ mi má bàa tún dún. Ẹ̀gbọ́n náà ń gbìyànjú láti sọ̀rọ̀. Láàárín eyín tó ti dì, ọ̀rọ̀ náà ń jáde bí èémí lásán, bàbá rẹ̀ sì ní láti fi etí sún mọ́ ọn.

"Bàbá. Ohùn òkè."

Bàbá náà kò mira. Ó gbójú sókè wo dókítà. Ìbéèrè ojú rẹ̀ hàn sí gbogbo wa. Dókítà ń ká àpò rẹ̀. Ó rẹ̀ ẹ́, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Oògùn ọwọ́ mi ti tán, Bàbá," ló wí jẹ́jẹ́. "Bí ẹ bá lè ṣe é láì ta á jí, ẹ ṣe é fún un."

Bàbá náà jókòó sílẹ̀, ó gbé ẹ̀yìn ti ògiri. Mo rí àyà rẹ̀ tó kún díẹ̀díẹ̀. Ó pẹ́ tí kò ti kọ ọ́, mo sì rí i pé ẹ̀rù ń bà á: bí ohùn náà bá ya nínú ọ̀fun rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, bó bá fi èémí tó le díẹ̀ gbé e jáde, òun ni yóò fi orin pa ọmọ rẹ̀. Ìyá mi di èjìká mi mú. Mo ń wo ara tó wà lórí ẹní, mo ń dúró de ìgbà tí yóò tẹ̀. Kò tẹ̀. Mo rò pé kò tíì bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo mọ̀ pé yàrá náà ti kún.

Kò ga ní ariwo ju èémí ẹni tó ń sùn lọ, síbẹ̀ gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀, òkè náà gan-an tí ó máa ń dé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí ibi tí orin kan ti parí kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀. Bó ti ń lọ, ìka ọwọ́ ẹ̀gbọ́n náà, tó ti di ìkúùkù láti ọjọ́ tí àìsàn ti dé, tú díẹ̀. Omi ń ṣàn láti igun ojú rẹ̀ sínú etí. Ìmọ́lẹ̀ pupa náà kúrò lára ògiri. Dókítà dúró, ó di àpò mọ́ àyà, kò lọ.

Ẹ̀gbọ́n náà kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń lọ sí ọ̀nà Ìlárá fun fèrè ní ìkóríta, awakọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ará ìlú, kò sí ẹni tó lè dá a lẹ́bi. Bàbá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá mi sọ pé ara náà tẹ̀, kò sì padà mí.

Nígbà ìsìnkú, olórí àwọn akọrin tọ bàbá náà wá níwájú gbogbo ènìyàn. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀, pé kò sí ẹni tí yóò rẹ́rìn-ín, ó sì jẹ́ òótọ́, kò sí ẹni tó lè rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Bàbá Oníbúrẹ́dì wo ibojì tó là sílẹ̀.

"Ó ti gbọ́ tirẹ̀," ló wí.

Kò dá iná sínú ààrò mọ́. Ó kó lọ sóko ní Adakplamè, ó ń gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́, òjò sì wó ààrò náà wálẹ̀ lẹ́yìn ilé tó ṣófo. Láìpẹ́, mísà kúrò ní Látìn, orin Yorùbá wọlé, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò sì mọ̀ pé ẹnì kan ti kọ irú rẹ̀ rí níbẹ̀. Mo lọ kí i nígbà tí mo ti dàgbà tó láti dá rìn. Ó ti gbẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀. Ó sun àgbàdo fún mi. Mi ò béèrè, òun ló dá a sọ, ojú rẹ̀ wà lórí iná.

"Ọmọ tó bá tijú baba rẹ̀ kò ṣẹ̀, ọmọdé ni. Ohun tó ń jí mi lóru ni pé mo gbà fún un kíákíá. Mo rò pé ìfẹ́ ni. Ìbá sàn kó bínú sí mi, kó sì máa gbọ́ ọ nìṣó."

Ó yí àgbàdo náà padà kó má bàa jó. Ìgbà tí mo rí i kẹ́yìn nìyẹn. Lẹ́yìn tó kú ni ìròyìn rẹ̀ tó kàn mí, wọ́n ti sin ín sóko.

Kútọnu ni mo ti bí àwọn ọmọ tèmi. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, rédíò wa ń lọ nínú pálọ̀, mo ń ká aṣọ. Ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí kọrin Látìn ní ohùn òkè yẹn. Ọmọkùnrin mi, tó ti ga jù mí lọ, bú sẹ́rìn-ín, ó bi mí léèrè obìnrin wo ló ń ké báyìí, ó sì na ọwọ́ láti pa rédíò. Mo sọ fún un pé ọkùnrin ni, kó jókòó. Ó wo ojú mi, ó jókòó. A gbọ́ ọ tán.

Ó ní kò dùn mọ́ òun nínú. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú díẹ̀, ó la ẹnu gbàgà sọ ọ́, ó bu búrẹ́dì tó wà lórí tábìlì, ó ń jẹ ẹ́ lọ. Mi ò sọ ìdí tí mo fi ní kó jókòó fún un. Mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ lórí itan, mo ń wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bó ti ń lọ sókè sódò. Mo fẹ́ kó bá mi jiyàn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.